Kí Wọ́n Tó Da Bẹ́ríìnì Àtijọ́ Nù

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ọjà Balógun bá ti ń palẹ̀ mọ́, àwọn aláàárù a máa ru ìdì àǹkárá àti léèsì gba àwọn ọ̀nà tóóró já sí Àpọ́ńgbọ̀n àti Ìdúmọ̀tà, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń dúró dè wọ́n. (Irùngbọ̀n pípọ́n William McCoskry, òyìnbó tó ṣe gómìnà Èkó fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1861, ni wọ́n ní Àpọ́ńgbọ̀n ti gba orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Èkó kì í fi orúkọ àlàjẹ́ ṣòfò.) Ẹrù á kún ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, èrò á kún iwájú, kọ̀ńdọ́ á fi ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára ẹrù. Etí awakọ̀ nìkan ló wà lára ẹ́ńjìnì, nítorí ìró kan wà tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ ń bẹ̀rù ju fèrè ọlọ́pàá ojú pópó lọ: kọ-kọ-kọ kan láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, tó ń yára bí a bá tẹ iná, tó sì ń falẹ̀ bí a bá dẹ ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn mẹkáníìkì wa fi ń kéde rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, ìdílé kan ló wà. Owó àjọ ìyàwó wà níbẹ̀, owó tí ọkọ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì ń retí ohun tí bọ́ọ̀sì bá mú wálé ní alaalẹ́. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kì, gbogbo owó wọ̀nyí ló dúró.

Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e nìyí. Mẹkáníìkì á tú ẹ́ńjìnì, á yọ àwọn bẹ́ríìnì tó ti jẹ, á jù wọ́n sínú garawa pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú, á ní kí a lọ ra òmíràn, á sì dè é pa. Bọ́ọ̀sì á rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìró náà á tún padà. Nígbà náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀tá kiri, nínú ilé àti níta, nígbà tó jẹ́ pé ẹlẹ́rìí tó lè sọ òkodoro ọ̀rọ̀ ti wà nínú garawa láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lónìí kò ju èyí lọ: ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da àwọn bẹ́ríìnì àtijọ́ nù kí ẹ tó kà wọ́n. Mo sì fẹ́ fi bí a ṣe ń kà wọ́n hàn yín.

Ẹ̀gbà ọrùn kíránkì

Nínú ẹ́ńjìnì ni ọ̀pá ńlá kan wà tí a ń pè ní kíránkì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba lílọ sókè sódò àwọn písítìnì, kí ó sọ ọ́ di yíyí tí táyà lè lò. Ọ̀pá náà kò gún gbọọrọ bí ọmọ odó. Ó ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ, ó sì ní àwọn ibi rúbútú tí a fi ẹ̀rọ dán títí tí wọ́n fi ń kọ mọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí á máa pe àwọn ibi rúbútú yìí ní ọrùn. Nínú ẹ́ńjìnì onípísítìnì mẹ́rin tó wọ́pọ̀ nínú mọ́tò òde òní, ọrùn márùn-ún ló jókòó sínú irin ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Ọrùn mẹ́ìn nìyẹn. Ọrùn mẹ́rin yòókù ni àwọn kọ́ńróòdù, ìyẹn irin tó so písítìnì mọ́ kíránkì, dì mú. Ẹ̀gbà tí ọrùn kọ̀ọ̀kan wọ̀ ni bẹ́ríìnì. Kì í ṣe irú èyí tó ní ọmọ róbótó-róbótó nínú bíi ti ẹsẹ̀ táyà o. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí ìlàjì òṣùpá, tí wọ́n fi pàdé ara wọn yí ọrùn ká.

Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, tí ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́, kíránkì kì í fara kan bẹ́ríìnì rẹ̀. Orí ọ́ìlì ló ń léfòó sí, bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ṣe ń léfòó lórí Ọ̀sà. Beauchamp Tower, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ló fi èyí hàn aráyé ní ọdún 1883 nígbà tó ń yẹ bẹ́ríìnì ọkọ̀ ojú irin wò. Ó lu ihò sórí bẹ́ríìnì kan kí ó lè máa ti ibẹ̀ rọ ọ́ìlì sí i, ṣùgbọ́n kàkà kí ọ́ìlì wọlé, ńṣe ló ń tú jáde. Ó fi nǹkan dí ihò náà, ọ́ìlì tì í jáde. Ó gé igi, ó gbá a wọ inú ihò, ọ́ìlì tún rọra ti igi náà jáde. Ní ọdún 1886, Osborne Reynolds fi ìṣirò ṣàlàyé ohun tí Tower rí: bí ọ̀pá ti ń yí, ó ń fa ọ́ìlì wọ ibi tó há jù, ọ́ìlì tí a sì há mọ́ báyìí a máa ní agbára tó lè gbé ọ̀pá náà àti gbogbo ẹrù orí rẹ̀ dúró.

Àyè tí ọ́ìlì yìí ń gbé kéré gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì mọ́tò kékeré, ó wà láàárín mìlímítà 0.02 sí 0.06. Fọ́nrán irun orí wa kan sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 0.07. Ẹ wá rò ó wò: ohun tó tín-ín-rín ju irun lọ ni ó ń ya irin sọ́tọ̀ kúrò lára irin. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí àyè náà bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì á máa sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára rẹ̀ á dínkù, ọrùn kíránkì á já lulẹ̀ lórí páànù, á sì máa gbá a nígbàkigbà tí písítìnì bá gba ìtìsódò. Ìgbá yẹn ni à ń gbọ́.

Nítorí pé a mọ̀ pé ọ́ìlì lè kùnà, a fi irin rírọ̀ tẹ́ inú bẹ́ríìnì. Isaac Babbitt, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ọgbọ́n yìí ní ọdún 1839. Nínú irú bẹ́ríìnì kan tó wọ́pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin líle, àdàpọ̀ bàbà àti òjé wà lórí rẹ̀, awọ eérú tín-ín-rín kan tó rọ̀ ju méjèèjì lọ ló sì bo ojú rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe inú wọn. Ète kan náà ni: kí páànù olówó pọ́ọ́kú gba ìyà kí ọ̀pá olówó gọbọi lè là, kí ìdọ̀tí kékeré tó bá wọlé sì rì sínú irin rírọ̀ dípò kí ó máa ha ọrùn kíránkì. Nítorí náà, jíjẹ bẹ́ríìnì kò ṣàjèjì. Bó ṣe jẹ, apá ibi tó ti jẹ, àti bó ṣe yá tó ló ń sọ̀tàn.

Ìyà Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀nà Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Láti Erékùṣù dé orí ilẹ̀, afárá ni gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà: Afárá Carter tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní ọdún 1901, Afárá Èkó, àti Afárá Kẹta tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990. Bí nǹkan kan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ìdààmú bá méjì yòókù, bí ó ti rí ní oṣù Kẹta ọdún 2022 nígbà tí iná jó lábẹ́ Afárá Èkó ní Àpọ́ńgbọ̀n. Nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ẹ́ńjìnì á gbóná janjan, ọ́ìlì á ṣàn bí omi, pọ́ǹpù ọ́ìlì á sì máa yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí pé ọkọ̀ kò rìn. Lẹ́yìn náà àyè á ṣí díẹ̀, awakọ̀ á tẹ iná lójijì pẹ̀lú ìdì aṣọ tó kún bọ́ọ̀sì dé òrùlé. Ìgbà tí ọ́ìlì kò lágbára rárá ni ẹrù tó wúwo jù dé.

Ẹ fi ti ọ́ìlì ayédèrú kún un, àti ti ẹni tó ń sún pípààrọ̀ ọ́ìlì síwájú nítorí pé owó ọjọ́ yẹn ti ní ibi tó ń lọ. Ẹ tún rántí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnì yìí kò bẹ̀rẹ̀ ayé wọn níbí. Láti ìgbà tí agbára náírà ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé ọdún 1986 ni mọ́tò tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé, tí tòkunbọ̀ sì gbòde. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a sọ mọ́tò náà, ó sì bá a mu, àmọ́ ọmọ tó dé láti òkè òkun a máa ní ẹni tí yóò sọ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà. Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀ fún un.

Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀

Etí ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, ẹni tó bá sì ń sọ Yorùbá ti ní ànfààní kan. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní. Ẹ́ńjìnì tó ń ṣàìsàn kò jìnnà sí i.

Ìró tẹ́-tẹ́-tẹ́ tó fúyẹ́, tó ń ti òkè ẹ́ńjìnì wá, jẹ́ ti àwọn fáàfù. Ó ń fẹ́ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a ń wá. Ìró kọ-kọ-kọ tó le, tó ń ti àárín sísàlẹ̀ wá, tó sì máa ń hàn gbangba bí a bá tẹ iná dé ìwọ̀n àárín tí a sì dẹ ẹsẹ̀ lójijì, ti bẹ́ríìnì kọ́ńróòdù ni. Èyí tó ń dún gbù-gbù-gbù, tó wúwo, tí ẹsẹ̀ awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ṣáájú etí rẹ̀, tó sì ń burú sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ń fa ẹrù gun afárá, bẹ́ríìnì mẹ́ìn ni kí ẹ fura sí. Bí ìró náà bá yí padà nígbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ríìnì tó ń dá kíránkì dúró kí ó má baà máa sún síwájú sẹ́yìn ló ti jẹ.

Ìgbà tí ìró náà ń dún tún ṣe pàtàkì. Písítìnì tó ti gba àyè jù a máa pariwo ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, á sì dákẹ́ bí ẹ́ńjìnì bá ti ń móoru. Ti bẹ́ríìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti ń gbóná tó ń ṣàn ni ìró rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó bá fi ẹ́ńjìnì tútù han oníbàárà fún ìṣẹ́jú méjì tó sì pa á.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè mọ ọrùn tó ń jẹ̀bi kí ó tó tú nǹkan kan. Á pa ẹ́ńjìnì, á yọ wáyà púlọ́ọ̀gì písítìnì kan, á tún un tàn, á tẹ́tí. Bí ìró bá dínkù tàbí tó dákẹ́ nígbà tí písítìnì kejì, fún àpẹẹrẹ, kò gbaná mọ́, bẹ́ríìnì kọ́ńróòdù kejì ni, nítorí pé kò sí ohun tó ń tì í sódò mọ́. Ìró mẹ́ìn kì í sábà dákẹ́ báyẹn fún písítìnì kan ṣoṣo. Nínú àwọn mọ́tò tuntun tí ẹ̀rọ iná wọn jókòó lórí púlọ́ọ̀gì, kí a má ṣe fa wáyà yọ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Iná lè gbé ènìyàn, kọ̀ǹpútà mọ́tò náà sì lè bàjẹ́.

Lẹ́yìn etí, ó kan géèjì. Iná pupa ọ́ìlì tó ń ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì ń kú bí a bá tẹ iná, kì í ṣe ohun tí a ń fi kásẹ́ẹ̀tì orin bò mọ́lẹ̀. Kí wọ́n yọ ojú ọ́ìlì náà, kí wọ́n de géèjì gidi sí i. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń lò ni 10 psi fún ìyípo 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ohun tó wà nínú ìwé mọ́tò yín ló ga jù. Bí ó bá kéré, ó lè jẹ́ bẹ́ríìnì, ó sì lè jẹ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì tàbí ẹnu ibi tó ti ń fa ọ́ìlì ló dí. Kí wọ́n wá da ọ́ìlì sórí aṣọ funfun nínú oòrùn, kí wọ́n sì gé fíltà rẹ̀ là. Èérún tó ń dán bí fàdákà lè wá láti ibi púpọ̀. Èyí tó bá pọ́n bí bàbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ibi tó ti wá.

Kò sí ọgbọ́n nínú kí a máa wakọ̀ náà lọ títí di ìparí oṣù. Kọ́ńróòdù tó bá já lè lu irin ẹ́ńjìnì já, kí ọ́ìlì gbígbóná sì tú sórí èéfín. Orí Afárá Kẹta kọ́ ló yẹ kí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀sì tó kún fún ènìyàn àti aṣọ.

Kíka páànù

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì. Ibi tí ó yẹ kí ẹ wà níbẹ̀ nìyí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin obìnrin tí bọ́ọ̀sì jẹ́ tiyín, tí ọkọ tàbí àbúrò yín ń wà á, tí wọ́n sì máa ń ní kí ẹ jókòó sílé, pé ọ̀rọ̀ irin ni. Kò sí ohun tó wà nínú kíka páànù yìí tí ẹni tó lè mọ ojúlówó léèsì yàtọ̀ sí ayédèrú kò lè rí.

Bí wọ́n ti ń yọ páànù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ipò rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀: nọ́ńbà ọrùn, àti bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Ìdérí ọrùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbọ́dọ̀ padà sí ipò rẹ̀, ní ọ̀nà tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, nítorí pé papọ̀ ni wọ́n gbẹ́ òun àti irin tó bò. Ẹ tò wọ́n sórí pákó bí wọ́n ṣe tò nínú ẹ́ńjìnì. Páànù kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni kò lè sọ púpọ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀.

Inú ẹ́ńjìnì tó gbó tọ́wọ́tọ́wọ́, awọ eérú náà á ti tán díẹ̀díẹ̀ ní àárín páànù, bàbà á sì máa yọjú. Páànù òkè ló ń ru ẹrù ní ọrùn kọ́ńróòdù, páànù ìsàlẹ̀ ló ń rù ú ní ọrùn mẹ́ìn, nítorí náà ibẹ̀ ló yẹ kó ti jẹ jù. Bí gbogbo wọn bá jẹ bákan náà, ọjọ́ orí ni. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìlà tóóró-tóóró tó yí páànù ká bí ilà ojú, ìdọ̀tí ló kọ ọ́: iyanrìn, èérún irin, àjákù gásíkẹ́ẹ̀tì, tàbí ìdọ̀tí tí wọn kò fọ̀ kúrò nínú ojú ọ̀nà ọ́ìlì nígbà àtúnṣe tó kọjá. Bẹ́ríìnì tuntun nínú irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, láìfọ ojú ọ̀nà ọ́ìlì, oúnjẹ ni a gbé fún un. Bí ojú páànù bá dán gbinrin, tí irin rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ pa á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúdú nítorí ooru, òùngbẹ ọ́ìlì ló pa á. Ẹ wo àwọn yòókù. Bí gbogbo ọrùn bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi pọ́ǹpù, ẹ bi iye ọ́ìlì tó wà nínú ẹ́ńjìnì. Bí ó bá jẹ́ ọrùn kan péré, ọ̀nà ọ́ìlì tó lọ síbẹ̀ ló dí, tàbí ẹni tó ṣe àtúnṣe àná kò jẹ́ kí ihò páànù ṣe déédéé pẹ̀lú ihò irin. Mo ka àṣìṣe yìí sí èyí tó burú jù, nítorí pé owó rẹ̀ kì í ju ti ìṣẹ́jú kan tí a fi wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Páànù tó jẹ ní etí ọ̀tún lókè, tí ìkejì rẹ̀ jẹ ní etí òsì nísàlẹ̀, kọ́ńróòdù tó wọ́ ló ń jẹ́rìí sí. Bí àwọn mẹ́ìn bá jẹ jù ní àárín gbùngbùn ẹ́ńjìnì, tí ti ìpẹ̀kun méjèèjì sì sàn díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kíránkì ti tẹ̀, tàbí kí irin ẹ́ńjìnì ti yẹ̀ nípò. Ẹ béèrè bóyá ẹ́ńjìnì náà ti hó rí. Ihò wínníwínní bí ojú àgbádo tó ti ní kòkòrò, ọ́ìlì tó ti kan tàbí omi tó dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì ló dá a. Bí irin ojú páànù bá ń wó kúrò ní ègé-ègé, ẹrù àpọ̀jù ló rẹ̀ ẹ́. Ẹ yí páànù náà padà pẹ̀lú, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn tó dán yọ̀ọ̀ fi hàn pé páànù ti ń yí nínú ilé rẹ̀, ilé náà fúnra rẹ̀ sì ti fẹ̀. Kò sí bẹ́ríìnì tuntun tó lè wo ìyẹn sàn láìgbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Gbogbo ohun tí mo kà wọ̀nyí, yàtọ̀ sí ọjọ́ ogbó, jẹ́ àrùn tó wà níbòmíràn tí páànù kàn ń fi ara rẹ̀ jẹ́rìí sí.

Ọrùn kíránkì ló kù. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ kọjá. Bí ìlà kan bá mú èékánná, kò yẹ kí ó padà sínú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀. Ọrùn tó dán mọ̀nà pàápàá lè parọ́, nítorí náà kí wọ́n fi máíkírómítà wọ̀n ọ́n ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní ìbú méjì tó dábùú ara wọn. Bí ìwọ̀n ìbú méjèèjì bá yàtọ̀, ọrùn ti di rìbìtì bí ẹyin. Bí ti ìpẹ̀kun méjèèjì bá yàtọ̀, ó ti tín-ín-rín sí apá kan. Ìwé mọ́tò ló ń sọ ìyàtọ̀ tí a lè fara mọ́.

Ẹni tó bá ní àwọn ọrùn tó dára lè ra bẹ́ríìnì ìwọ̀n àtilẹ̀wá. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì Toyota, nọ́ńbà wà tí wọ́n tẹ̀ sára kíránkì àti irin ẹ́ńjìnì, èyí tí a fi ń mọ bẹ́ríìnì tí ọrùn kọ̀ọ̀kan ń fẹ́; kí ẹni tó ń lọ sọ́jà kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ọrùn tirẹ̀ bá ti bàjẹ́ á gbé kíránkì lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ họ ọ́ kúrò ní mìlímítà 0.25 tàbí 0.50, á sì ra bẹ́ríìnì tó nípọn láti dí àyè tó ṣẹ́ kù, èyí tí wọ́n ń pè ní ófàsáìsì lọ́jà wa. Àwọn kíránkì kan wà tí awọ ojú wọn nìkan ló le. Bí wọ́n bá họ ìyẹn kúrò, kíránkì náà kò ní pẹ́.

Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n pa á dé, ẹ béèrè fún ìwọ̀n àyè ọ́ìlì. Okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Plastigage. Wọ́n á gé e sórí ọrùn, wọ́n á de ìdérí mọ́lẹ̀ dé ìwọ̀n tó yẹ láìyí kíránkì, wọ́n á tún tú u, wọ́n á sì fi ìbú okùn tó ti tẹ́ náà wé ìwọ̀n ara bébà tó bá a wá. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbìyànjú. Ẹni tó bá fẹ́ fi fáìlì ha ìdérí kí ó lè fún, tàbí tó fẹ́ ki bébà tàbí àfọ́kù páànù sẹ́yìn bẹ́ríìnì, ẹ gbà á níyànjú kí ó dúró. Ìró á dákẹ́ lóòótọ́. Yóò dákẹ́ títí ẹ ó fi san owó iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Bí ọ̀rọ̀ bá di Ládípọ̀

Nígbà mìíràn, ìṣirò owó á fi hàn pé ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ mìíràn sàn ju àtúnṣe lọ, pàápàá bí ilé bẹ́ríìnì bá ti fẹ̀ tàbí tí kíránkì ti là. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbéra láti Erékùṣù lọ sí Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín. N kò rò pé ó burú, bí ẹni náà bá mú etí àti ojú rẹ̀ lọ. Ọ́ìlì tó ki lè bo ìró bẹ́ríìnì mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ fa igi ọ́ìlì jáde, ẹ wo bó ṣe ń kán. Ẹ ní kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi gbóná dáadáa kí ẹ tó tẹ́tí. Bí wọ́n bá ta á láìtàn án, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí abẹ́ ibi tí ọ́ìlì ń gbé, kí ẹ sì yọ ìdérí ọrùn mẹ́ìn kan àti ti kọ́ńróòdù kan wò. Ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀ ti fún yín lésì.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n rí i dájú pé ọ́ìlì ti dé gbogbo ọrùn kí ẹ́ńjìnì tó gbaná fún ìgbà àkọ́kọ́: kí wọ́n ti fi ọ́ìlì pa bẹ́ríìnì nígbà tí wọ́n ń tò ó, kí wọ́n sì yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n máa yí ẹ́ńjìnì títí géèjì yóò fi gbéra. Ẹ má ṣe kó ẹrù àpọ̀jù fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí oníbàárà tilẹ̀ ń fi ìlọ́po owó bẹ̀ yín ní Ìdúmọ̀tà. Bí bọ́ọ̀sì bá ti rin bíi kìlómítà 500, kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà, kí wọ́n gé fíltà àtijọ́ là, kí ẹ nà án sínú oòrùn. Eruku irin díẹ̀ kì í ṣe ìyàlẹ́nu nígbà àkọ́kọ́ yìí. Bí ẹ bá rí èyí tó pọ́n bí bàbà, ẹ gbé bọ́ọ̀sì padà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú páálí tí ẹ kó àwọn bẹ́ríìnì àtijọ́ sí dání.